Eérú Wo Ni À Ń Dà Sí Ìdí Ẹ̀fọ́?



Ìbéèrè tí àwọn ìyá wa kan tí ń gbin ẹ̀fọ́ ní Àjégúnlẹ̀, lápá ibi tí ilẹ̀ ti sún mọ́ odò Ògùn, bi wá lẹ́yìn àsáláátù ni a fẹ́ fi abala ìlera àti ìmọ́tótó ti oṣù yìí dáhùn. Wọ́n ní àwọn kan ń gbé eérú wá nínú àpò láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù. Wọ́n ní àjílẹ̀ ni, pé èròjà tí ilẹ̀ wa kò ní ló wà nínú rẹ̀, owó mọ́tò nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Àwọn kan ti gbà á, tẹ̀tẹ̀ wọn sì ń dán lójú. Àwọn yòókù ń ṣiyèméjì. Ṣé kí àwọn náà gbà á?

Ìdáhùn wa ní kúkúrú nìyí: eérú dára fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eérú. Ohun tí wọ́n sun ló ń sọ irú eérú tí yóò jẹ́. Eérú tó bá ti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin wá, tàbí ibi tí wọ́n ti ń sun bátìrì, wáyà àti táyà, ẹ má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fi owó lé e fún yín. Àlàyé rẹ̀ gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì kà á sí etí ẹni tí kò lè kàwé nínú ilé, nítorí pé àwọn àgbà tí kò kàwé gan-an ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ.

Ohun tó wà nídìí ààtàn

Àwọn baba ńlá wa kò ra fatiláísà, síbẹ̀ wọ́n mọ ibi tí ẹ̀fọ́ ti máa ń ṣe dáadáa: ẹ̀yìnkùlé, nídìí ààtàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó eérú ààrò dà sí, pẹ̀lú èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìẹ. Tẹ̀tẹ̀ á hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, ewé rẹ̀ á sì fẹ̀ ju ti oko lọ. Kò sí idán níbẹ̀. Igi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fa èròjà láti inú ilẹ̀ tó jìn. Nígbà tí iná bá jó o, omi inú rẹ̀ àti náítírójìn á bá èéfín lọ, ohun tí kò lè jó ni yóò kù sílẹ̀. Ohun tó kù yìí kéré gan-an: bí a bá sun kílò 100 igi gbígbẹ, eérú tí a máa rí kì í sábà ju kílò 1 tàbí 2 lọ. Ẹ wá rí i pé ohun tó ti gbára jọ ni à ń pè ní eérú. Ohun tó dára nínú igi á gbára jọ síbẹ̀. Bí ohun tí kò dára bá wà nínú ohun tí a sun, òun náà á gbára jọ síbẹ̀.

Kálísíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú eérú igi, irú èyí tó wà nínú ìkarahun ìgbín. Potásíọ̀mù ló tẹ̀lé e. Òun ni àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń wá nígbà tí wọ́n bá ń sẹ́ omi láti inú eérú èèpo kòkó. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì ni àwọn èròjà kéékèèké ń bọ̀: síńkì, bàbà, irin, máńgánísì àti bórónì. A pè wọ́n ní kéékèèké nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni irúgbìn ń fẹ́ nínú wọn, bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ se ọbẹ̀ láìsí iyọ̀ kí ẹ wo ojú àwọn tó máa jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú síńkì nínú wọn, nítorí pé òun ló kan àwọn ọmọ wa jù. Àgbàdo tí kò rí síńkì tó máa ń ní ìlà funfun gbọọrọ lára ewé, igi rẹ̀ á sì kúrú. Bí síńkì kò bá sí nínú ilẹ̀, kò lè pọ̀ nínú oúnjẹ tó ti ibẹ̀ jáde. Ọmọ tí kò bá sì rí i tó nínú oúnjẹ kì í dàgbà bó ṣe yẹ, egbò rẹ̀ kì í tètè jinná, ìgbẹ́ gbuuru sì máa ń tètè mú un. Ẹ̀yin ìyá ọmọ ti rí oògùn síńkì ní ilé ìwòsàn: láti ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ti ní kí á máa fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru ní síńkì pẹ̀lú omi ORS. Mílígíráàmù 10 lójúmọ́ ni wọ́n sọ ní ọdún náà fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, mílígíráàmù 20 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń dá a dúró ní ọjọ́ kẹta tí ìgbẹ́ bá ti gan. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ lò ó tán.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan tilẹ̀ ti gba inú ilẹ̀ wo àìtó irú èròjà báyìí. Ní Tọ́kì, ní agbègbè Anatolia tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà, àwọn onímọ̀ rí i láàrin ọdún 1990 sí 2000 pé síńkì ilẹ̀ wọn kéré púpọ̀. Wọ́n fi síńkì sínú àjílẹ̀, àlìkámà tí wọ́n ń kórè pọ̀ sí i, síńkì inú rẹ̀ náà sì pọ̀ sí i. Ní Finland, láti ọdún 1984 ni ìjọba ti ní kí wọ́n máa fi selenium sínú fatiláísà, kí ó lè ti inú ilẹ̀ dé inú oúnjẹ àwọn ará ìlú. Nítorí náà, ẹni tó sọ fún àwọn ìyá wa pé ilẹ̀ nílò àwọn èròjà kéékèèké kò parọ́ níbẹ̀ yẹn. Ibi tó ti fẹ́ mú èròjà náà wá ni ìjà wà.

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, a kò ní láti lọ jìnnà kí á tó rí ẹni tó ti dán eérú wò. Ní Àkúrẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n S. O. Ojeniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, FUTA, àti Moyin-Jesu ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní ìlú kan náà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ohun tí eérú igi àti eérú èèpo kòkó ń ṣe fún ẹ̀fọ́, ilá, tòmátì àti àgbàdo. Ohun tí wọ́n rí bá ti àwọn baba wa mu: eérú ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ó ń fún un ní kálísíọ̀mù àti potásíọ̀mù, irúgbìn sì ń ṣe dáadáa sí i. Ó tún ń dára jù bí ìgbẹ́ adìẹ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé eérú kò ní náítírójìn rárá. Iná ti gbé e lọ. Ìgbẹ́ adìẹ ní in.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn eérú kì í wò. Ilẹ̀ ìhà gúúsù wa máa ń kan, torí pé òjò púpọ̀ ń fọ èròjà lọ. Eérú díẹ̀ á mú un bọ̀ sípò. Bí eérú bá pọ̀ jù, ilẹ̀ náà á kọjá ibi tó yẹ, á wá dà bí ilẹ̀ tí wọ́n da kán-ún sí. Nígbà náà síńkì, irin àti máńgánísì tó wà níbẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ típẹ́típẹ́, gbòǹgbò kò ní lè fà wọ́n. Ewé tuntun á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò ṣì tutù. Ẹni tó ni oko á rí i, á ní ebi ló ń pa ẹ̀fọ́ òun, á tún bu eérú sí i. Bẹ́ẹ̀, eérú tó bù lákọ̀ọ́kọ́ ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ síńkì.

Eérú tó ti ilé iṣẹ́ wá

Kì í ṣe pé gbogbo eérú ilé iṣẹ́ ló burú. Ilé búrẹ́dì tó ń fi igi dá iná, àwọn tó ń yan ẹja, ilé iṣẹ́ epo pupa tó ń sun ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn kúrò lára rẹ̀, ibi ìlagi tó ń sun àgékù pákó tí kò ní ọ̀dà: eérú wọn kò yàtọ̀ sí ti ààrò ilé wa, á kàn pọ̀ jù ú lọ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń dà á sí gọ́tà. Bí àgbẹ̀ bá kó o, gọ́tà á là, ilẹ̀ á jẹ. Ohun tí a ní láti rí dájú ni pé wọn kò fi nǹkan mìíràn kóná. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọ̀rá, rọ́bà àti pákó tí wọ́n ti kùn lọ́dà ran igi lọ́wọ́. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí, tàbí òpó iná tó ti ṣubú, tún burú jù, nítorí pé májèlé lè wà nínú oògùn náà tí iná kò lè jó.

Ti táyà gba àlàyé, torí pé a ti gbọ́ tí ẹnìkan sọ pé síńkì pọ̀ nínú eérú táyà. Òótọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń fi síńkì sínú rọ́bà. Ní Iran, àwọn onímọ̀ ní Isfahan ti dán eérú táyà wò lórí ilẹ̀ tí síńkì rẹ̀ kéré, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: wọ́n mọ ohun tí wọ́n sun, wọ́n wọn ìwọ̀n eérú tí wọ́n dà sílẹ̀, wọ́n sì yẹ irúgbìn náà wò lẹ́yìn ìkórè bóyá kádímíọ̀mù, májèlé kan tó máa ń bá síńkì rìn, ti wọ inú rẹ̀. Ta ló wọn eérú táyà tí wọ́n fi sun awọ màlúù láti fi ṣe pọ̀nmọ́, pẹ̀lú wáyà inú rẹ̀, ọ̀rá, àti epo tí wọ́n bù sí i kí ó lè tètè gbaná? Èyí tí wọ́n ṣe ní Isfahan kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún èyí. Táyà sísun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ kó wáyé láàrin ilé, nítorí èéfín rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé orí eérú tí wọ́n gbé wá bá àwọn ìyá wa. Irin àlòkù tí wọ́n ń kó jọ, bí èyí tí ó pọ̀ ní Owódé Onírin tó sún mọ́ wa yìí, kì í ṣe irin nìkan. Páànù wà níbẹ̀ tí wọ́n fi síńkì bò kí ó má baà dípẹtà. Apá ara mọ́tò tí wọ́n kùn lọ́dà wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, ìdè tí wọ́n fi òjé jó pọ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ sínú iná ńlá tí ń yọ́ irin, irin á yọ́, á sì dúró. Ṣùgbọ́n síńkì kì í lè fara da ooru tó tó bẹ́ẹ̀. Á di oruku, á gòkè lọ. Òjé àti kádímíọ̀mù náà á bá a gòkè. Nígbà tí èéfín bá tutù, gbogbo wọn á di ẹ̀kúná eruku tó rí bí eérú. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe dáadáa á ní ohun tó ń gba eruku yìí kí ó má baà fò jáde. Nítorí náà síńkì pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, òjé sì wà nínú àpò kan náà. Ẹni tó ń tà á fún yín ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan, ó ń pa èkejì mọ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Quincy, ní ìpínlẹ̀ Washington, àwọn àgbẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ohun tó wà nínú àjílẹ̀ wọn, olórí ìlú náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Patty Martin, sì bá wọn wá ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1997, oníròyìn Duff Wilson kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Seattle Times pé àwọn ilé iṣẹ́ ń gbé ìdọ̀tí wọn, tí eruku ilé ìyọ́rin wà nínú rẹ̀, fún àwọn tó ń ṣe àjílẹ̀, àgbẹ̀ tó ń rà á kò sì mọ̀. Eruku tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó léwu nígbà tó wọlé, orúkọ rẹ̀ á ti di àjílẹ̀ nígbà tó bá jáde. Ní ọdún 1998, ìpínlẹ̀ Washington ṣe òfin tó sọ ìwọ̀n májèlé tí àjílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá, ó sì ní kí wọ́n máa jẹ́ kí ará ìlú mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2002, ìjọba àpapọ̀ wọn náà fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún àjílẹ̀ síńkì tí wọ́n bá fi irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fòfin dè é pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe àjílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ òjé àti kádímíọ̀mù kúrò títí yóò fi wọ inú ìwọ̀n tí òfin fi lélẹ̀, kí ó sì fi àyẹ̀wò hàn. Àpò tí wọ́n gbé wá láì ní orúkọ, láì ní ìwé, tí wọ́n fi mọ́tò akẹ́rù já sí ẹ̀gbẹ́ oko, kò sí ẹni tó yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Owó ni wọ́n ń ná láti sọ irú ìdọ̀tí yìí nù bó ṣe tọ́. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìnáwó.

Òjé àti ọmọdé

Àwọn tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní ọdún 2010 kò ní gbàgbé. Àwọn èèyàn ń lọ òkúta láti yọ góòlù nínú agbo ilé wọn, òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lé. Ó ju irínwó ọmọ lọ tó kú. Àwọn òbí rò pé ibà lásán ni, títí àwọn dókítà fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Èyí tó sún mọ́ wa ni ti Ògijo, lẹ́yìn Ìkòròdú, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé láti inú bátìrì mọ́tò àlòkù. Ní ọdún 2025, àwọn oníròyìn The Examination àti New York Times jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 70 wò lágbègbè náà. Méje nínú mẹ́wàá wọn ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tó ń ṣe ìpalára. Ọ̀nà Ìkòròdú kan náà tó gba ẹ̀gbẹ́ Àjégúnlẹ̀ kọjá ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀hún ń gbà wọ Èkó.

Ìwọ̀n òjé kan kò sí tí a lè pè ní díẹ̀ tí kò léwu fún ọmọdé. Bí ó bá wọ ara, ó ń farapamọ́ sínú eegun bí ẹni pé kálísíọ̀mù ni. Ó ń dín ọpọlọ ọmọ kù: ọmọ náà kò ní tètè mọ̀wé, inú á máa bí i láìnídìí, etí rẹ̀ lè má gbọ́ dáadáa. Inú rírun, àìlèyàgbẹ́ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ lè wà pẹ̀lú rẹ̀, gìrì sì ń tẹ̀lé e bí ó bá pọ̀. Láti ara aláboyún ó ń dé ara ọmọ inú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní àmì kankan tí ìyá lè rí. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo ní ilé kéwú tàbí ní ilé ìwé, a kì í ronú òjé sí i.

Nígbà tí a ti dárúkọ òjé, ẹ jẹ́ kí á yà díẹ̀ sórí tìróò. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n mú ti Nàìjíríà lọ, tí wọ́n ń fi sí ojú ọmọ náà, ni wọ́n yẹ̀ wò: òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lórí irú tìróò tí sunnah fẹ́ràn jẹ́ ti àwọn àlùfáà wa. Èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má fi sí ojú ọmọ.

Bí òjé inú eérú ṣe ń dé inú abọ́ wa kò rí bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Tẹ̀tẹ̀ kì í fi gbòǹgbò fa òjé púpọ̀ gòkè. Inú ilẹ̀ ló máa ń wà, láti ibẹ̀ ni yóò ti ta sára ewé nígbà tí òjò bá rọ̀ tàbí tí a bá ń bomi rin ín, á sì lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú erùpẹ̀. Ọmọ tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí oko tún ń fi ọwọ́ rẹ̀ gbé e sí ẹnu. Ti kádímíọ̀mù yàtọ̀. Òun ń gba inú gbòǹgbò wọlé tààrà, inú ewé ló sì ń jókòó sí jù, kíndìnrín ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló máa ń bàjẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ lè ṣan òjé kúrò lára ẹ̀fọ́. Kádímíọ̀mù, kò sí omi tí ẹ máa fi ṣan án.

Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ tiwa kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi odò Ògùn lé àwọn èèyàn kúrò nílé ní Àjégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdídò Ọ̀yàn sì ń padà wá ní ọ̀pọ̀ ọdún bí òjò bá ti pọ̀. Eérú tí ẹnìkan dà sí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, omi á gbé e lọ sí ti aládùúgbò rẹ̀, sí inú kànga, sí iwájú ilé tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹní sílẹ̀. Májèlé wọ̀nyí kì í jẹrà bí ewé. Ọmọ tí a kò tíì bí lè bá wọn níbẹ̀.

Ẹ̀sìn wa kò fi mọ sí kí oúnjẹ jẹ́ hàláàlì nìkan, ó tún ní kí ó jẹ́ tọyyib, ohun tó mọ́ tó sì dára. Gbogbo wa ti gbọ́ ìtàn ọlọ́jà tó fi ọkà gbígbẹ bo èyí tó tutù, tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ọwọ́ kàn án tó sì bá a wí. Ti ọkà tutù, ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ra ẹ̀fọ́ ní Mile 12 kò lè fi ọwọ́ mọ eérú tí wọ́n dà sí ìdí rẹ̀. Ẹni tó gbìn ín nìkan ló mọ̀, ọ̀rùn rẹ̀ sì ni amánà náà wà.

Bí a ṣe ń lo èyí tó dára, àti ohun tí ẹni tó ti lo èkejì lè ṣe

Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi ẹni tó bá gbé eérú wá: kí ni wọ́n sun, ta ló sì yẹ̀ ẹ́ wò? Bí kò bá ti jẹ́ igi lásán, èèpo kòkó tàbí ìdì ẹyìn, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò tó sọ iye òjé àti kádímíọ̀mù inú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Eérú igi tó dára, ẹ kọ́kọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ ṣa ìṣó àti èédú kúrò, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí òjò kò ti ní pa á, nítorí pé omi ń fọ potásíọ̀mù rẹ̀ lọ. Fún bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà 1 tó sì gùn ní mítà 10, kílò 1 tó, ẹ̀ẹ̀kan ní àsìkò ìgbìn kan. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi agolo kan ṣe àmì, kí ẹ má baà máa fojú bù ú. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó gbìn ni kí ẹ dà á, kí ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀. Ẹ má dà á lé èso tàbí ewé tútù. Ẹ má sì da eérú àti ìgbẹ́ adìẹ tútù tàbí yúríà papọ̀ ní ọjọ́ kan náà: òórùn tó máa ta yín nímú yẹn, náítírójìn tí ẹ fi owó rà ló ń fò lọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sí àárín wọn. Ibi tí ẹ ti rí i pé ewé tuntun ń pọ́n lẹ́yìn tí ẹ ti ń lo eérú tipẹ́, ẹ fi eérú sílẹ̀ fún ọdún kan, kí ẹ lo ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà.

Ẹ dí imú àti ẹnu nígbà tí ẹ bá ń dà á, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì lé àwọn ọmọ jìnnà. Omi eérú lè jó ojú àti ara, gẹ́gẹ́ bí àwọn aṣọṣẹ ṣe mọ̀. Ẹ wẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ tó gbé ọmọ tàbí kí ẹ tó wọ mọ́ṣáláṣí. Àlùwàlá nìkan kò lè mú eruku kúrò lára aṣọ.

Ẹni tó ti da eérú ilé ìyọ́rin sí ilẹ̀ ńkọ́? Kí ó má dà á mọ́. Èyí tó ṣẹ́kù nínú àpò, kí ó dì í, kí ó má kó o sínú odò, kí ó má sì sun ohunkóhun lé e lórí. Kí ó sọ fún LASEPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní Alausa. Kí ó má ta ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀dì náà títí wọn yóò fi yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò. IITA ní Ìbàdàn ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò, àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ní in. Owó rẹ̀ lè pọ̀ fún ẹnìkan, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ilẹ̀ wọn fi ara kan ara lè dá a jọ. A mọ̀ pé ẹ̀fọ́ yẹn ni owó ilé ìwé ọmọ, a kò sọ pé ó rọrùn. Jàmáà tó ń dá owó fún ìnáwó Iléyá lè dá ti èyí náà. Ní ibi tí àyẹ̀wò bá ti sọ pé májèlé náà kò pọ̀, irúgbìn tí à ń jẹ èso rẹ̀, bí ilá àti ata, kì í gba tó ti ewé. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ni kí ẹ jìnnà sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó máa ń wà ní oko náà, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún dókítà pé àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ ń fẹ́. Bí ẹ kò bá dárúkọ rẹ̀, ibà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Nínú ilé ìdáná, ibi yòówù kí ẹ ti ra ẹ̀fọ́, ẹ gé gbòǹgbò àti ewé ìsàlẹ̀ tó fara kan ilẹ̀ dànù. Ẹ ṣan ewé yòókù nínú omi mẹ́ta kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti rẹ́ ẹ tán, nítorí pé omi ewé á ti máa jáde, erùpẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Ẹ máa gbé ewé náà sókè kúrò nínú omi, ẹ má da omi àti ewé papọ̀ sínú asẹ́, kí erùpẹ̀ tó ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́ má baà tún bo ẹ̀fọ́ padà.